Sípíkà Àjà fún Síńnímà Inú Ilé: Bí Ẹ Ṣe Máa Yàn Án àti Ibi Tí Ẹ Máa Fi Sí

Ibi tí kò yẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sípíkà àjà. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á wo ibi tí gílóòbù wà, wọ́n á wọn ọgbọọgba láti ara ògiri kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì gbẹ́ ihò mẹ́rin tó dọ́gba rẹ́gí. Ó máa ń dùn ún wò. Àmọ́ tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú fíìmù, wọ́n á ní ẹ̀yìn nìkan ló ti ń rọ̀, tàbí pé àwọn ò tiẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró òkè àti ti ẹ̀gbẹ́. Etí kò mọ ibi tí ògiri wà. Apá ibi tí ìró gbà wọlé ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti etí ẹni tó jókòó sórí àga.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ iye sípíkà tí yàrá yín gbà

Lára páálí ẹ̀rọ, ẹ máa rí nọ́ńbà bíi 5.1.2, 5.1.4 tàbí 7.1.4. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye sípíkà tó wà ní ìpele etí: ti ọ̀tún iwájú, ti òsì iwájú, ti àárín tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, àti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn. Èkejì ni wúfà, ìyẹn sípíkà tó ń gbé ìró wúwo jáde. Ẹ̀kẹta ni iye tó wà lókè orí, òun la tìtorí ẹ̀ wá síbí.

Dolby Atmos, ètò ìró fíìmù tí ilé iṣẹ́ Dolby ṣe, ló sọ nọ́ńbà kẹta yìí di ohun tí tolórí tẹlẹ́mù ń sọ. Ó wọ ilé síńnímà lọ́dún 2012, ó wọ ilé àwọn èèyàn lọ́dún 2014, DTS:X, irú rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2015. Kí wọ́n tó dé, ńṣe ni ẹni tó ń po ìró fíìmù pọ̀ máa ń pín in: eléyìí fún sípíkà ọ̀tún, ìyẹn fún ti ẹ̀yìn. Nínú Atmos, ó lè sọ pé bàálù yìí wà níbí, ó ń lọ sọ́hùn-ún. Risífà tó wà nílé yín, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ so gbogbo sípíkà mọ́, ni yóò wá ṣírò sípíkà tí yóò lò láti gbé bàálù náà débẹ̀. Ìṣirò yẹn kò lè tọ̀nà tí sípíkà kò bá sí níbi tí ẹ sọ fún risífà pé ó wà.

Risífà yín ló ń pinnu iye tí ẹ lè so. Wúfà sábà máa ń ní ámpílífáyà tirẹ̀ nínú, nítorí náà ẹ má kà á mọ́ ọn. Èyí tó ní ámpílífáyà méje nínú lè gbé 5.1.2, torí márùn-ún àti méjì ni. Ẹlẹ́sàn-án lè gbé 5.1.4 tàbí 7.1.2. Fún 7.1.4, mọ́kànlá lẹ nílò, àyàfi tí risífà bá ní ihò tí ẹ lè ti so ámpílífáyà mìíràn mọ́ ọn.

Tí risífà yín bá jẹ́ ẹlẹ́sàn-án, tó sì kù sọ́wọ́ yín láti yan 5.1.4 tàbí 7.1.2, èmi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ẹ mú 5.1.4. Sípíkà méjì lókè lè jẹ́ kí ìró lọ láti òsì sọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kó ti iwájú lọ sẹ́yìn lókè orí yín. Bàálù tó yẹ kó gba orí yín kọjá á kàn wà lókè níbẹ̀ ni. Mẹ́rin ló ń mú un rìn. Pàápàá tí àga yín bá súnmọ́ ògiri ẹ̀yìn, sípíkà ẹ̀yìn méjì tí 7.1.2 fi kún un kò ní ríbi tó dáa dúró sí.

Ohun kan wà tí mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni bí wọ́n bá bi mí: kíkó gbogbo sípíkà lọ sí àjà kí ilẹ̀ lè mọ́. Mo mọ̀ pé ó ń wu àwọn tí kò fẹ́ rí wáyà àti àpótí nínú pálọ̀. Ṣùgbọ́n tí sípíkà ẹ̀gbẹ́ àti ti òkè bá jọ wà lórí àjà kan náà, kí ni etí yóò fi mọ̀ pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ? Àlàfo tó wà láàárín ìpele etí àti ìpele àjà ni gbogbo ẹwà iṣẹ́ yìí. Bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè fi ti ẹ̀gbẹ́ sísàlẹ̀, ẹ fi sípíkà pẹlẹbẹ sínú ògiri, tàbí kí ẹ gbé kékeré kan kọ́ sára ògiri níbi tó ga ju orí ẹni tó jókòó lọ díẹ̀. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ẹ lo 5.1 lásán tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní àjà, kí ẹ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ Atmos ní yàrá yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Yíyan sípíkà fúnra rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí tùwítà, ìyẹn orí kékeré tó ń gbé ìró tínrín jáde. Ìrísí etí òde wa, pẹ̀lú gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ bóyá ìró ti òkè wá tàbí ìsàlẹ̀, ìró tínrín ló sì ń lò jù fún iṣẹ́ yẹn. Tí ìró tínrín kò bá dé ọ̀dọ̀ yín dáadáa, ẹ máa gbọ́ sípíkà náà o, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ̀ pé òkè ló wà. Sípíkà tó kàn dojú kọ ilẹ̀ ganran á máa da ìró tínrín rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni kí ẹ wá: èyí tí ìró rẹ̀ ń fọ́n ká púpọ̀, tàbí èyí tí tùwítà rẹ̀ ṣeé yí síbi tí àga wà. Dolby fúnra wọn dábàá pé kí sípíkà òkè lè fọ́n ìró dé nǹkan bíi dígírì 45 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti 100 Hz (ìró tó wúwo) dé 10 kHz (ìró tínrín). Tí kò bá dé ìwọ̀n yẹn, ẹ yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó. Irú kan tún wà tí gbogbo orí rẹ̀, ńlá àti kékeré, tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ilé iṣẹ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù fún ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, nítorí pé kò sí ohun tí ẹ máa yí níbẹ̀ ju pé kí ẹ fi ojú rẹ̀ síbi àga.

Ní ti bó ṣe tóbi, èyí tí orí ńlá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 6.5, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16.5, tó fún ọ̀pọ̀ yàrá. Wúfà ni yóò gbé béèsì tó wúwo, kì í ṣe iṣẹ́ ti òkè. Oní-ínǹṣì 8 wúlò tí àjà bá ga ju mítà 3 lọ tàbí tí yàrá bá fẹ̀ gan-an. Àmọ́ bí orí sípíkà bá ṣe ń tóbi sí i ni ìró tó ga díẹ̀ ṣe ń dín bó ṣe ń fọ́n ká kù, torí náà ńlá kì í ṣe dáadáa lójú ara rẹ̀.

Nínú ìwé tó bá a wá, nọ́ńbà méjì ni kí ẹ wò. Ọ̀kan ni ohm, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Èyí tó bá jẹ́ ohm 8 rọrùn fún risífà. Tó bá jẹ́ 4, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé risífà bóyá ó gbà á, torí pé yóò fa iná púpọ̀ jù. Èkejì ni iye dB, ìyẹn ìwọ̀n ariwo, tó ń mú jáde pẹ̀lú wáàtì 1 ní mítà 1. Èyí tó jẹ́ 90 dB àti èyí tó jẹ́ 87 dB jọra lójú, ṣùgbọ́n èkejì nílò wáàtì ìlọ́po méjì kó tó pariwo tó ti àkọ́kọ́. Iye wáàtì gàgàrà tí wọ́n kọ síwájú páálí kò sọ nǹkan gidi fún yín. Ó kàn ń sọ èyí tó lè gbà kó tó bàjẹ́, wọ́n sì máa ń fi ṣe fọ́nńté.

Méjì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹra fún. Àkọ́kọ́ ni sípíkà tí wọ́n kọ 70 V tàbí 100 V sí lára, tó ní tiransifọ́má lẹ́yìn. Ti ilé ìtajà, ilé ẹ̀kọ́ àti ibùdókọ̀ ojú irin ni, wọ́n fi ń so sípíkà púpọ̀ mọ́ wáyà kan ṣoṣo. Àwọn kan nínú wọn ṣeé yí sí ohm 8, ṣùgbọ́n tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀ kedere, ẹ fi sílẹ̀. Èkejì ni èyí tó ní tùwítà méjì nínú ihò kan, tí wọ́n ṣe kó máa kọ ohùn òsì àti ọ̀tún papọ̀. Ó dára ní ilé ìdáná tí sípíkà kan ṣoṣo lè wọ̀. Nínú síńnímà ilé, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Ẹ̀yìn sípíkà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ sípíkà àjà kò ní àpótí. Inú àjà gan-an ni wọ́n fi ń ṣe àpótí. Àbájáde rẹ̀ ni pé béèsì rẹ̀ ń yàtọ̀ láti yàrá sí yàrá, ìró á sì máa jò lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tí ẹnikẹ́ni bá ń sùn lókè yín, ẹ ra èyí tó ní àpótí lẹ́yìn tàbí kí ẹ ra àpótí náà lọ́tọ̀. Ní àwọn ilé kan tí àjà ń yà ilé méjì sọ́tọ̀, òfin ìkọ́lé lè béèrè ìbòrí tí iná kò lè tètè gbà kọjá. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbẹ́ ihò. Ó tún máa dára kí ti òkè wá láti ìdílé kan náà pẹ̀lú ti ìpele etí, kí ohùn wọn lè bára mu, àmọ́ kì í ṣe dandan. Sípíkà tó bójú mu tó wà níbi tó tọ́ sàn ju olówó gọbọi tó wà níbi tí kò yẹ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ibi tí yóò wà

Ìhín gan-an ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù.

Ẹ jókòó sórí àga bí ẹ ṣe máa ń jókòó wo fíìmù, kì í ṣe bíi ti ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Kí ẹnìkan wọn gíga etí yín láti ilẹ̀. Ó sábà máa ń wà láàárín mítà 1.0 sí 1.2. Ẹ wọn gíga àjà náà. Ẹ yọ ti etí kúrò nínú ti àjà. Iye tó kù ni mo máa pè ní àlàfo òkè. Nọ́ńbà yìí ni ẹ máa fi ṣe gbogbo ìyókù.

Fún sípíkà mẹ́rin, Dolby ní kí méjì iwájú wà níbi tí ẹ ti máa gbójú sókè ní dígírì 30 sí 55 tí ẹ bá ń wò wọ́n láti orí àga, kí ti ẹ̀yìn sì wà ní dígírì 125 sí 150, ìyẹn bákan náà ni tí ẹ bá kọjú sẹ́yìn. Dígírì 45 ni àárín tó dáa jù. Ẹwà dígírì 45 ni pé kò nílò ìṣirò kankan: bí àlàfo òkè bá ṣe gùn tó náà ni kí sípíkà ṣe jìnnà síwájú tàbí sẹ́yìn etí. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ààlà rẹ̀, ẹ fi 0.7 sọ àlàfo náà di púpọ̀ kí ẹ rí ibi tó lè súnmọ́ yín jù, kí ẹ fi 1.73 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ rí ibi tó lè jìnnà jù.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan. Àjà ga ní mítà 2.7, etí wà ní mítà 1.0, àlàfo òkè sì jẹ́ mítà 1.7. Sípíkà iwájú á wà ní mítà 1.7 síwájú etí, ti ẹ̀yìn á wà ní mítà 1.7 sẹ́yìn rẹ̀. Tí igi àjà tàbí gílóòbù bá dí ibẹ̀, ẹ lè sún un, ṣùgbọ́n kó má súnmọ́ ju mítà 1.2 lọ, kó má sì jìnnà ju 2.9 lọ. Wàyí o, ká ní mítà 0.9 péré ló kù láti etí dé ibi tí sípíkà ẹ̀yìn lè dúró sí. Dígírì rẹ̀ á di nǹkan bíi 62, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí yín. Ẹ kò nílò sípíkà mìíràn. Àga ni kí ẹ sún síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó parí. Sísún àga kò ná yín ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ òun ni àwọn èèyàn ń fi sẹ́yìn jù.

Tí àga bá wá fara ti ògiri ẹ̀yìn ńkọ́, tí kò sì ṣeé sún? Ẹ fi mẹ́rin sílẹ̀, kí ẹ lo méjì. Dolby fún sípíkà òkè méjì ní dígírì 65 sí 100, mo sì fẹ́ràn 80: ó wà lókè orí, ṣùgbọ́n díẹ̀ síwájú. Nínú yàrá tí mo mú ṣàpẹẹrẹ yìí, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 síwájú etí. Ẹ má ti ìtìjú ju mẹ́rin sí àjà kí ti ẹ̀yìn wá máa fẹnu kan ògiri.

Ní ti fífẹ̀, ẹ jẹ́ kí sípíkà òkè wà lójú ìlà kan náà pẹ̀lú sípíkà ọ̀tún àti òsì iwájú. Àwọn yẹn fúnra wọn yẹ kó wà ní dígírì 22 sí 30 láti àárín. Tí tẹlifíṣọ̀n bá jìnnà sí etí ní mítà 3, àlàfo láàárín ọ̀tún àti òsì á jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.4 sí 3.5. Tí ìlà yẹn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ògiri ẹ̀gbẹ́, ẹ fa ti òkè wọlé díẹ̀, torí ìró tó bá tètè ta lára ògiri máa ń da etí láàmú.

Tí ẹ bá ní ìlà àga méjì, ìlà iwájú tàbí èyí tí ẹ̀ ń jókòó sí jù ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n, kí ẹ sì rí i pé ìlà kejì kò jókòó sábẹ́ sípíkà kan gangan. Nínú yàrá tó gùn gan-an, mẹ́fà lókè ló yẹ ẹ́, risífà tó lè gbé e sì wọ́n díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbé ayùn. Kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹ gé páálí róbótó tó tóbi tó sípíkà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà níbi tí ẹ ti sàmì sí. Ẹ fi okùn tí ẹ so nǹkan wúwo mọ́ nídìí sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kí ẹ mọ ibi tó ṣe déédéé pẹ̀lú etí, kí ẹ sì wọn láti ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan gun àkàbà, kó gbé fóònù tó ń dún bí òjò sí ibi páálí kan, kó sì gbé e lọ sí òmíràn. Ẹ̀yin, ẹ jókòó, ẹ pa ojú dé, ẹ máa fi ìka tọ́ka síbi tí ìró ti ń wá. Tí ìka yín bá ń tọ́ka sí òkè níwájú, tó sì ń tọ́ka sí òkè lẹ́yìn nígbà tó bá yí ibi padà, ẹ ti gbà á. Tí ìka bá ń lọ sí àtàrí nígbà gbogbo, wọ́n ti súnmọ́ ara wọn jù.

Fáànù àjà náà ńkọ́? Tí apá rẹ̀ tó ń yí bá ń kọjá láàárín sípíkà àti etí, á máa gé ìró sí wẹ́wẹ́, ẹ máa gbọ́ ọ bí ohùn tó ń gbọ̀n. Ẹ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí ẹ paná rẹ̀ nígbà fíìmù. Àjà tó dagun rọrùn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ: níbi tí ó bá ga jù, àlàfo òkè náà ga jù níbẹ̀, ẹ ṣe ìṣirò ti sípíkà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àjà kọnkéré ni kò fẹ́ ihò. Níbẹ̀, ẹ lo sípíkà kékeré tó ní irin ìkọ́, kí ẹ dè é mọ́ ojú àjà, kí ẹ sì yí gbogbo rẹ̀ sọ́dọ̀ àga. Lójú tèmi, òun gan-an máa ń dún dáadáa ju ọ̀pọ̀ èyí tó wà nínú ihò lọ, nítorí ó ní àpótí tirẹ̀ ó sì ń wo yín. Irú tó ń gbé orí sípíkà ìsàlẹ̀, tó ń ta ìró lu àjà kó tó já bọ́ sọ́dọ̀ yín, ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ tí àjà bá tẹ́jú tó sì le. Tí ẹ bá lè dá ihò lu, ẹ má rà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Wáyà àti ihò

Wáyà onídẹ ni kí ẹ rà, kì í ṣe alumíníọ̀mù tí wọ́n fi idẹ pa lára. Fún sípíkà ohm 8, wáyà tó nípọn ní mílímítà alábàámẹ́rin 1.5 tó láti risífà dé mítà 15. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú 2.5. Tí sípíkà bá jẹ́ ohm 4, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2.5 lójú ẹsẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé a kò fẹ́ kí wáyà fúnra rẹ̀ gba ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohm sípíkà lọ, lílọ àti bíbọ̀ la sì ń kà. Ní ibi tí òfin bá ti béèrè wáyà tí wọ́n fọwọ́ sí fún inú ògiri, òun ni kí ẹ lò. Ẹ má jẹ́ kó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná; ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 30 sí àárín wọn, tí wọ́n bá sì gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n gbabú ara wọn kọjá.

Àwọn ilé àtijọ́ kan ní asbestos nínú àjà wọn. Tí ilé yín bá pẹ́, tí ẹ kò sì mọ ohun tí wọ́n fi ṣe àjà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ayùn kàn án, torí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ paná yàrá láti orí bíréékà tó ń gé iná ilé. Ẹ lu ihò tín-ín-rín kan ní àárín àmì. Ẹ wá mú wáyà líle kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ohun ìfaṣọkọ́, kí ẹ ká a kó dà bí igun, kí apá rẹ̀ kan gùn tó ìdajì ihò tí ẹ fẹ́ gbẹ́, kí ẹ sì fún un ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí i. Ẹ tì í bọ inú ihò kékeré náà, kí ẹ yí i po. Tó bá yí délé láìkan nǹkan kan, kò sí igi, kò sí páìpù. Tó bá kàn, ẹ mọ apá tó wà, ẹ sún àmì, ẹ sì fi nǹkan dí ihò kékeré náà. Ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ihò ńlá.

Ẹ fi páálí tó bá sípíkà wá sàmì róbótó, kí ẹ gé e pẹ̀lú ayùn ọwọ́. Ẹ so wáyà: pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, ní ẹ̀yìn sípíkà àti lẹ́yìn risífà. Kí ẹ tó gbé e sókè, kí ẹ sì tó so òpin kejì mọ́ risífà, ẹ fi bátìrì kékeré 1.5 V kan òpin wáyà tó wà níbi risífà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, orí rere sí wáyà pupa. Orí ńlá sípíkà gbọ́dọ̀ sún síta. Tí ọ̀kan bá sún sínú, ibìkan ti yí padà níbẹ̀, ìró rẹ̀ á sì máa bá ti àwọn ìyókù jà.

Àwọn apá ìdìmú tó wà lára sípíkà á yí síta tí ẹ bá ń yí súkúrù, wọ́n á sì fún àjà mọ́ra. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i. Díríìlì máa ń fún un jù, pátákó àjà á sì fọ́ síbẹ̀. Ẹ wá yí tùwítà síbi àga kí ẹ tó fi àwọ̀n ojú rẹ̀ bò ó. Tí ẹ bá fẹ́ kun àwọ̀n náà kó bá àjà mu, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ fi ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ fọ́n ọn, kó má dí ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ohun tí ẹ máa sọ fún risífà

Nínú mẹ́nù risífà, ẹ máa rí orúkọ bíi Top Front, Top Middle, Top Rear àti Front Height. Ẹ má kàn mú èyí tó kọ́kọ́ yọjú. Tí ẹ bá ní mẹ́rin tí ẹ fi sí bí mo ṣe sọ, Top Front àti Top Rear ni. Tó bá jẹ́ méjì lókè orí, Top Middle ni. Front Height jẹ́ ti sípíkà tó wà lókè ògiri iwájú. Tí ẹ bá yàn án fún èyí tó wà lórí àjà, risífà á ṣe ìṣirò ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ so maikirofóònù tó bá risífà wá, kí ẹ gbé e dúró ní gíga etí, lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, níbi tí orí yín máa ń wà. Ẹ má gbé e lé ẹ̀yìn àga. Kí yàrá parọ́rọ́, kí fáànù kú, kí gbogbo èèyàn jáde tàbí kí wọ́n dákẹ́. Yálà Audyssey ni risífà yín ń lò ni o, Dirac Live tàbí YPAO, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń wọn bí sípíkà ṣe jìnnà tó, bó ṣe ń pariwo tó, àti bí yàrá ṣe ń bà á jẹ́. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà sípíkà tó súnmọ́ yín ní mítà 1 ju àwọn ìyókù lọ ń dé etí ní nǹkan bíi ìdá 3 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú wọn. Risífà á dá a dúró díẹ̀ kí gbogbo wọn lè dé pọ̀.

Ẹ má gba ohun tó bá sọ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi téèpù wọn jíjìnnà sípíkà òkè kan; tí risífà bá pè é ní mítà 2.4, tó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dáa. Ti wúfà lè yàtọ̀ sí téèpù, ìyẹn kò burú, torí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń dá ìró dúró. Ẹ wo bóyá ó pe sípíkà òkè ní ńlá (Large). Ẹ yí i sí kékeré (Small), kí ẹ sì fi ààlà béèsì sí 80 Hz tàbí 100 Hz, kí gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wúfà. Tí sípíkà kò bá ní àpótí, mo máa ń gbé e dé 100 Hz.

Ẹ yẹ ọ̀nà tí ìró ń gbà wọlé wò pẹ̀lú. Wáyà HDMI láti tẹlifíṣọ̀n padà sí risífà lè lo ARC tàbí eARC, ìyẹn ọ̀nà méjì tí ìró ń gbà padà nínú wáyà náà. ARC lè gbé Atmos tó wà nínú Dolby Digital Plus, èyí tí àwọn tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Atmos tó wà nínú TrueHD lórí Blu-ray kò lè gba ARC kọjá; eARC ló nílò, tàbí kí ẹ so ẹ̀rọ Blu-ray mọ́ risífà tààrà. Nínú mẹ́nù ẹ̀rọ náà, ẹ yan Bitstream, tó ń fi ìró náà ránṣẹ́ sí risífà bó ṣe wà, kì í ṣe PCM. Tí ojú risífà kò bá kọ Atmos nígbà tí fíìmù ń lọ, ọ̀nà ti dí níbìkan, kì í ṣe sípíkà ló bàjẹ́.

Bí ẹ ṣe máa gbọ́ ọ

Ẹ kọ́kọ́ lo ìró ìdánwò inú risífà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ní òsì ẹ̀yìn lókè, ṣé òsì ẹ̀yìn lókè ló ti dún? Wáyà mẹ́rin tó jọ ara wọn máa ń yí mọ́ra lọ́wọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ, maikirofóònù kì í sì í sábà mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ wọn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi fíìmù tí wọ́n ṣe ní Atmos sí i, ní ibi tí òjò ti ń rọ̀ tàbí tí hẹlikọ́pítà ti ń kọjá. Ẹ má retí pé kí òkè máa dún ní gbogbo ìgbà. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, sípíkà àjà lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú púpọ̀, torí pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè nínú ìtàn. Àwọn kan á wá gbé ìró òkè sókè ní 5 dB kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí wọ́n náwó lé, wọ́n á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Fún fíìmù àtijọ́ tí kò ní Atmos, ẹ tan Dolby Surround tàbí DTS Neural:X nínú risífà. Yóò wá èyí tó yẹ fún òkè nínú rẹ̀, yóò sì gbé e síbẹ̀.

Tí òjò bá ń rọ̀ láti inú ihò mẹ́rin tí ẹ lè nàka sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ dín ti òkè kù ní 1 dB tàbí 2, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ àwọ̀n ojú sípíkà, kí ẹ wo ibi tí tùwítà kọjú sí: bóyá ó ń wo ilẹ̀, tàbí bóyá ọ̀kan ń wo àga tí ìkejì ń wo ẹnu ọ̀nà. Tí ohùn àwọn òṣèré bá wá dà bí ẹni pé ó ń ti òkè wá, ẹ wo bóyá ẹ ti so sípíkà àárín mọ́ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá sún àga, tí ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun tàbí tí ẹ ta kọ́tíìnì tó nípọn, ẹ gbé maikirofóònù jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí risífà tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n.